Ọbẹ̀ Àkeekèé Nínú Àjà Ilẹ̀: Ohun Tí Ìpín Mẹ́rin Àkọ́kọ́ Dungeon Meshi Fi Hàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ojú ewé eré inú ìwé ìròyìn yín ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí eré ánímè tuntun, ìyẹn eré alàwòrán, bá dé láti Japan, ohun tí a sábà máa ń rí kà nípa rẹ̀ lédè Yorùbá kì í ju pé àwọn ọ̀dọ́ ń wò ó àti pé ó ń pani lẹ́rìn-ín. Kí ló ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ta ló ṣe é? Ibo ló ti gún régé, ibo ló sì ti mẹ́hẹ? Ìbéèrè tí olùwòran ń bi ara rẹ̀ nìyẹn kó tó jókòó ti eré kan fún bíi wákàtí mẹ́wàá, ó sì yẹ kí a lè dáhùn rẹ̀ lédè wa. Mo mú eré kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 láti fi ṣàpẹẹrẹ: Dungeon Meshi, tí wọ́n pè ní Delicious in Dungeon lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ìpín mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí.

Máńgà, ìyẹn ìwé ìtàn alàwòrán, ló kọ́kọ́ jẹ́. Ryoko Kui ló kọ ọ́, òun náà ló yà á. Inú ìwé àtìgbàdégbà Harta ló ti ń jáde láti ọdún 2014 títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìdì 14 ni gbogbo rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Trigger, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ló sọ ọ́ di eré. Yoshihiro Miyajima ni olùdarí, Kimiko Ueno ló to ìtàn náà sí ìpín-ìpín. Ọwọ́ Yasunori Mitsuda ni orin inú rẹ̀ ti wá, ẹni tí àwọn tó ń gbá géèmù ti mọ̀ láti ìgbà Chrono Trigger ní 1995. Ìpín kìn-ín-ní jáde lọ́jọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ni òmíràn ń tẹ̀ lé e lórí Netflix títí ó fi pé 24.

Àjà ilẹ̀ ńlá kan ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìpele lábẹ́ ìpele, abàmì ẹranko kún inú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wọ̀ ọ́ lọ wá ìṣúra. Ẹni mẹ́fà ló jọ wọlé: Laios oníidà tó jẹ́ olórí wọn, Falin àbúrò rẹ̀ obìnrin, Marcille onídán tó jẹ́ ẹ̀yà elf (ẹ̀dá elétí ṣóńṣó inú ìtàn àròsọ), Chilchuck kúkúrú tó mọ títú pàkúté bí ẹni mowó, pẹ̀lú Namari àti Shuro. Ebi ti dá wọn lágara kí wọ́n tó kan dírágónì pupa, ìjà náà sì bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Dírágónì gbé Falin mì. Kó tó wọ ọ̀nà ọ̀fun tán, ó pe ọfọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ bí egbé, àwọn yòókù kàn bá ara wọn lóde ni. Ẹrù wọn ṣẹ́kù sísàlẹ̀, owó kò sí, Namari àti Shuro sì bá tiwọn lọ. Ìrètí kan ló kù: nínú àjà ilẹ̀ yìí, a lè jí òkú dìde bí ara rẹ̀ bá ṣì wà, oúnjẹ kì í sì í tètè dà nínú dírágónì. Bí wọ́n bá dúró wá owó oúnjẹ, ilẹ̀ á ti ṣú bá Falin. Ni Laios bá ní kí wọ́n máa jẹ àwọn abàmì ẹranko tí wọ́n bá pa lójú ọ̀nà. Ó tún wá jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu òun láti tọ́ wọn wò, Marcille sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Kì í ṣe Kui ló kọ́kọ́ ro irú ayé yìí. Géèmù Wizardry, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981 tí àwọn ará Japan sì gbà bí ọmọ tiwọn, ti ní ẹni mẹ́fà tó ń wọ àjà ilẹ̀, tó ń kú, tí wọ́n ń jí dìde. Ohun tí Kui ṣe ni pé ó bi ayé yẹn ní ìbéèrè ìyá ọlọ́mọ: kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀? Gbogbo ẹ̀rín inú eré náà, inú ìdáhùn tòótọ́ sí ìbéèrè yẹn ló ti ń jáde.

Ohun tó máa ń ba eré apanilẹ́rìn-ín onídán jẹ́ ni pé òfin ayé inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Lónìí idán lè gba akọni là, lọ́la kò ní lè gbà á, torí àwàdà ọjọ́ náà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùwòran á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewu bá dé lóòótọ́, àyà rẹ̀ kò ní já, nítorí ó ti mọ̀ pé wọ́n á yí i bí wọ́n ṣe fẹ́. Nínú Dungeon Meshi, òfin kan náà tó ń fa ẹ̀rín ló ń fa ìbẹ̀rù. Dírágónì kì í tètè da oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni létí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ; òun náà ló so ẹ̀mí Falin ró.

Ẹ wo ọbẹ̀ àkọ́kọ́, inú ìpín kìn-ín-ní. Wọ́n pa àkeekèé ńlá kan àti olú kan tó ń fẹsẹ̀ rìn. Laios ti ka ìwé nípa jíjẹ ẹran àjà ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kì í ṣe ọwọ́ ìdáná. Ó kàn fẹ́ sọ wọ́n síkòkò bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà aràrá, Senshi, ti yọ sí wọn, tó ní kí wọ́n dúró. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń se abàmì ẹranko nínú àjà ilẹ̀ yìí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gé orí, ẹsẹ̀, ọwọ́ àti ìrù àkeekèé náà kúrò, pàápàá ìrù, torí ó ń da inú rú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀bẹ la ara rẹ̀ yíká, kí ooru lè wọlé, kí adùn sì lè jáde sínú omi ọbẹ̀. Ní ti olú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dùn jù, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí ó bá ti ṣe báyìí ṣàlàyé tán, ìkòkò ti ń hó, ẹni tó ń wòran náà ti ń gbé itọ́ mì, Marcille nìkan ló ṣì ń ṣàtakò. Ìgbà tó gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu tí ojú rẹ̀ yí padà ni ẹ̀rín bú jáde, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kankan kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Slime ńkọ́? Ẹ̀dá yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ kan ni, tó máa ń já bọ́ láti òkè bo ènìyàn lójú títí èémí á fi há. Ọ̀pọ̀ géèmù ló sọ ọ́ di ẹran tí ọmọdé ń pa. Senshi ní bí ó ṣe wà yẹn kò ṣe é jẹ. Kí wọ́n fi omi gbígbóná àti oje èso kíkan fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n fi iyọ̀ pa á, kí wọ́n nu omi ara rẹ̀, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó di èlò ọbẹ̀ iyebíye. Ẹni tó bá ti fọ ìgbín rí á dá ọ̀nà yìí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, àbí álọ́ọ̀mù, iṣẹ́ kan náà ni: iyọ̀ ń fa omi jáde lára ẹran, ìkan inú ọsàn sì ń mú kí yọ̀ọ̀yọ̀ọ̀ náà dì kó lè ṣí kúrò. Bí ènìyàn bá fi omi lásán fọ ìgbín, á fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kui kò fi ọ̀nà ìfọ̀ yìí ṣe idán. Ó mú un láti ìdí ààrò gidi, ó wá gbé e lé ẹran tí kò sí láyé. Ìdí tí a fi gbà á gbọ́ nìyẹn.

Ìpín kejì ni mo rò pé ó dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ọ̀rọ̀ mandrake. Gbòǹgbò kan ni, ó ní ojú àti ara bí ènìyàn. Bí a bá fà á tu, á ké, ẹni tó bá gbọ́ igbe náà lè ya wèrè tàbí kó kú. Ilé ẹ̀kọ́ idán ti kọ́ Marcille pé ajá ni kí a so mọ́ ọn, kí a dúró lókèèrè kí a pe ajá náà, kó fà á tu, kí igbe pa ajá. Senshi kò ní ajá. Ó kàn ń fà á, bí orí rẹ̀ bá ti yọ, ó ti fi ọ̀bẹ gé e kó tó la ẹnu. Kíá ni, ó rọrùn, kò sí òkú ajá. Marcille rí i pé ohun kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ju àwọn tó kù lọ kò wúlò. Ó lọ mú àdán ńlá kan, ó so ó mọ́ mandrake dípò ajá. Àdán fò, igbe ta, Marcille gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, òun alára dákú sílẹ̀.

Nínú eré míràn, ibẹ̀ ni àwàdà náà á parí sí: ọ̀mọ̀wé tí ìwé kò ràn lọ́wọ́. Dungeon Meshi kò dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n po mandrake méjèèjì mọ́ ẹyin basilisk (abàmì ẹran tó jọ àkùkọ, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ejò), wọ́n dín in, wọ́n tọ́ ọ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó ké kó tó kú dùn ju èyí tí Senshi gé lórí. Bàbá àgbà yìí, tó ti ń gé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igbe náà ló ń gbé ìkorò jáde. Kò sẹ́ni tó fi Marcille ṣe yẹ̀yẹ́, kò sẹ́ni tó fi Senshi náà ṣe é. Àwo oúnjẹ ló dá ẹjọ́ wọn. Mo ka ìyẹn sí iṣẹ́ ọwọ́ olóye, nítorí ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ péré láti jẹ́ kí a mọ ẹni tí àwọn méjèèjì jẹ́.

Nígbà tí mo rí i, ẹ̀gẹ́ ló wá sí mi lọ́kàn. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, síbẹ̀ a ń rin ín, a ń fi sílẹ̀ kó kan, a ń gbé nǹkan tó wúwo lé e kí omi rẹ̀ fún jáde, a sì ń yan án lórí iná kó tó di gàrí. Kò sí ìgbésẹ̀ kan nínú wọn tó dédé wá. Àwọn kan ti dán an wò títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àwọn kan nínú wọn sì ti jìyà rẹ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Senshi ní, irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ ni eré náà sì fún un.

Nínú ìpín kejì kan náà ni ti basilisk fúnra rẹ̀ wà. Orí méjì ló ń darí ara kan, nítorí náà bí ẹni méjì bá dojú ìjà kọ ọ́ láti iwájú àti ẹ̀yìn, kò ní mọ ibi tí yóò kọjú sí. Wọ́n sun ún pẹ̀lú ewé apa-oró nínú rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Chilchuck ti bá Senshi jà lórí pàkúté tó ń tú òróró gbígbóná dà síni lára. Senshi rí òróró ìdáná; Chilchuck rí ikú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iṣẹ́ òun. Lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ibi tí wọn yóò máa tẹ̀ hàn wọ́n ni wọ́n tó fi òróró náà dín mandrake àti ẹran àdán tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun.

Ìpín kẹta dá lórí ẹ̀wù irin tó ń dá rìn. Gbogbo ènìyàn gbà pé idán ló ń gbé e rìn. Laios, tí ẹ̀wù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, kíyè sí i pé wọ́n ń dáàbò bo nǹkan kan, ó sì rí ẹyin. Ẹran ni wọ́n, ẹbí ìṣáwùrú àti okòtó, tó ń gbé inú irin bí ìgbín ṣe ń gbé inú ìkarahun. Bí a bá mọ ìyẹn, a ti mọ bí a ṣe ń pa á: ẹ yọ ẹran náà nínú ìṣẹ́po irin, ẹ̀wù á wó lulẹ̀. A sì ti mọ bí a ṣe ń sè é. Apá tí Laios fi ń ronú yìí gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ó sanwó rẹ̀ padà.

Ìpín kẹrin fi ọgbà Senshi hàn wá. Àwọn golem ni, àwọn ère amọ̀ ńlá tí wọ́n fi idán mí sí. Senshi gbin kábéèjì àti ewébẹ̀ mìíràn sẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ara wọn lọ́rinrin tó, kò gbóná jù, bí olè bá sì wọ oko, oko náà ló máa ń dìde lù ú. Bí àkókò ìkórè bá tó, á yọ ohun tó ń mú wọn mí kúrò, á kórè, á túlẹ̀, á gbin òmíràn, á sì dá a padà. Ìgbẹ́ inú ilé ìyàgbẹ́ àjà ilẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá mọ́, ló fi ń ṣe ajílẹ̀. Àwọn orc (ẹ̀yà jagunjagun kan nínú ìtàn náà) tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n jọ pò, kò fi bẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àríyànjiyàn ilẹ̀ àti ogun ni wọ́n gbé wá, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà ṣì máa padà wá níwájú.

Mo ní àléébù tí mo fẹ́ tọ́ka sí. Marcille ń pariwo jù. Igbe "n kò ní jẹ ẹ́" yẹn dára nígbà àkọ́kọ́, nígbà kejì a lè fara dà á, ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ti kẹrin lóhùn kan náà, ó ti ń sú etí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ náà yára kọjá bó ṣe yẹ: orúkọ ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, Namari àti Shuro sì ti lọ kí olùwòran tó mọ ta ni ta. Ẹlòmíràn á sì bínú sí Laios, pé báwo ni ẹni tí dírágónì gbé àbúrò rẹ̀ mì ṣe ń yọ̀ mọ́ ọbẹ̀ báyìí. Èmi gbà pé bí ó ṣe rí nìyẹn, pé ọkàn rẹ̀ ń sá sínú ohun tó mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n eré náà kò tíì fi hàn tó. Àwòrán Trigger, tí a mọ̀ fún eré sísá àti ìbúgbàù, wà ní ìdákẹ́jẹ́ níbí, wọ́n sì pa agbára wọn mọ́ fún èéfín ìkòkò, ọ̀rá tó ń dán lórí ọbẹ̀, àti ọ̀bẹ lórí pákó. Ó bá a mu.

Lórí èdè: ohùn Japan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kíkọ ìsàlẹ̀ ni mo máa yàn fúnni, nítorí Hiroshi Naka tó jẹ́ ohùn Senshi. Àgbàlagbà ni, kò gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ló ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ilé lọ́wọ́ tí ojú yín kò lè dúró sójú tẹlifíṣọ̀n, ti Gẹ̀ẹ́sì náà kò burú; SungWon Cho ni Senshi níbẹ̀. Àwọn àwàdà kan sọnù sáàárín èdè méjèèjì. Meshi jẹ́ ìrẹsì sísè àti oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Delicious, tí Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́pò rẹ̀, ti pọ́n ọn jù. Idà tí Laios mú nínú ìpín kẹta, Kensuke ló sọ ọ́: ken ni idà, suke sì ni ìparí orúkọ ọkùnrin. Bí ẹni fi orúkọ ọmọ tuntun sọ idà ló rí, bí Idàwálé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kò ṣàlàyé rẹ̀. Bí dátà bá wọ́n yín, ẹ fi Wi-Fi gba ìpín kọ̀ọ̀kan sórí fóònù kí ẹ tó kúrò níbi tí ó wà. Ẹ má sì gbé e fún ọmọ kékeré nítorí pé àwòrán ni. Dírágónì gbé ènìyàn mì níbẹ̀, wọn kò sì fi ẹ̀jẹ̀ pa mọ́.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, bí irú eré báyìí bá tún dé, ẹ jẹ́ kí ojú ewé yín sọ ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó darí rẹ̀, iye ìpín rẹ̀, ibi tí a ti lè rí i, irú ọjọ́ orí tó yẹ fún, kí ẹ wá yàn ìran kan ṣoṣo tó dára, kí ẹ tú u palẹ̀ fún wa bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí àyè kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ fi ìran náà sílẹ̀, ẹ gé èyí tó kù.

Ìpín karùn-ún ló kàn fún mi láti wò. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni bóyá wọ́n á máa ka ọjọ́. Oúnjẹ náà ti ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu, Falin sì ṣì wà nínú dírágónì.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn